Nokia 105, 110 4G àti 3210: fóònù kékeré wo ló lè gba èèyàn lọ́wọ́ áńdírọ́ìdì?

Bí wíwo ojú áńdírọ́ìdì láti òwúrọ̀ dalẹ́ bá ti sú yín, tí ẹ sì ń wá fóònù alábọ́tìnì kan tí ẹ lè máa mú rìn dípò rẹ̀, Nokia 110 4G tó jáde ní 2023 ni a máa ní kí ẹ rà. Nokia 105 ti 2023 kò wọ́n tó o, ó sì tó fún ẹni tí kò ní ju ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ lọ ṣe. Nokia 3210 ti 2024 lẹ́wà ju àwọn méjèèjì lọ, àmọ́ tó bá jẹ́ pé fídíò ni ẹ ń sá fún, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn.

Ká tó dé orí ẹ̀rọ, ohun kan wà tó ṣe pàtàkì ju irú fóònù lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ra fóònù kékeré tí wọ́n tún sáré padà sórí ńlá, kì í ṣe fóònù náà ló já wọn kulẹ̀. Wọn kò tíì palẹ̀ iṣẹ́ tí áńdírọ́ìdì ń bá wọn ṣe mọ́ kí wọ́n tó yọ SIM kúrò nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sanwó lọ́jà tí kò ṣeé ṣe ni wọ́n máa ń gbé áńdírọ́ìdì padà, wọn kì í sì í gbé e kalẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ má bínú bí àyẹ̀wò yìí bá pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ owó, SIM àti nọ́ńbà ju bó ṣe pẹ́ lórí ara fóònù lọ.

Nokia 105

Ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 1.8. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 1000 mAh, ó sì ṣeé yọ. Tọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀. Kò ní kámẹ́rà. Rédíò FM rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìsí okùn etí, èyí tí ọ̀pọ̀ áńdírọ́ìdì kò lè ṣe: Bond FM 92.9 l'Ékòó, Splash 105.5 tàbí Fresh 105.9 n'Íbàdàn, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni. Nínú yàrá oníbúlọ́ọ̀kù tí fèrèsé rẹ̀ kéré, ohùn rédíò náà máa ń ṣe hàràhàrà. Ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé, tàbí kí ẹ ki okùn etí bọ̀ ọ́ kí okùn náà bá a ṣe iṣẹ́ áńtẹ́nà.

Ẹni tó bá lo Nokia 1100 rí, èyí tó jáde ní 2003 tí wọ́n tà ju mílíọ̀nù 250 lọ káàkiri ayé, yóò rí i pé ilé kan náà ni 105 ti wá. Àmì gọnbu kékeré kan wà lórí 5, atàǹpàkò lè fi í mọ ibi tí nọ́ńbà yòókù wà láìwojú fóònù rárá.

Bátìrì 1000 mAh jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún bátìrì áńdírọ́ìdì tó ní 5000, síbẹ̀ ọjọ́ tó ń lò pọ̀ ju ti áńdírọ́ìdì lọ fíìfíì. Ìdí ni pé ojú rẹ̀ kékeré ni, ó sì máa ń kú tí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí áàpù kankan tó ń yọ́ lọ bu dátà lẹ́yìn yín. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe nígbà tó bá wà lórí tábìlì ni pé ó ń tẹ́tí sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti rẹ̀, fóònù á máa fi agbára pariwo kí òpó lè gbọ́ ọ, bátìrì á sì máa lọ kíákíá. Bí ẹ bá ra èyí tó ní ojú SIM méjì, tí SIM kejì kò sì ṣiṣẹ́ kan tó gúnmọ́, ẹ yọ ọ́. SIM kọ̀ọ̀kan ló ń dá wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀, èyí tí ẹ kò lò náà ń jẹ bátìrì.

Nọ́ńbà IP52 tó wà nínú àlàyé rẹ̀ túmọ̀ sí pé eruku àti omi tó bá kán sí i lára kò ní pa á. Kò túmọ̀ sí pé ó lè já sínú korobá.

Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé 2G nìkan ló mọ̀. Ní Nàìjíríà, 2G ṣì wà káàkiri lórí 900 àti 1800 MHz, ó sì máa ń dé abúlé tí 4G kò tíì dé. Ní Amẹ́ríkà, AT&T ti pa 2G tirẹ̀ láti 2017, òun àti Verizon sì pa 3G ní 2022. Ẹ má ra 105 ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín ní Houston. Ní Bìrìtìkó, wọ́n ti ń pa 3G, 2G sì ṣì wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní àwọn kò ní jẹ́ kó kọjá 2033.

Nokia 110 4G

Ojú kan náà ló ní pẹ̀lú 105, ínṣì 1.8. Bátìrì rẹ̀ tóbi sí i, 1450 mAh. Ó ní Bluetooth 5.0, ó ń gba káàdì ìrántí tó tó 32 GB, ẹ sì lè fi orin tàbí ìwàásù sí i. Kámẹ́rà wà lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ QVGA ni, àwòrán tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tótó 320 tí gíga rẹ̀ jẹ́ 240. Tí ẹ bá fi ya nọ́ńbà àkántì tí wọ́n kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ẹ lè má rí i kà. Ẹ ṣe bí ẹni pé kò ní kámẹ́rà.

Ohun tó fi ju 105 lọ ní tòótọ́ ni VoLTE, ìyẹn pípe èèyàn gba orí 4G. Ìpè á wọlé kíákíá, ohùn á sì mọ́ gaara: ẹ óò gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín "wá" àti "wà" lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, èyí tó ṣòro lórí 2G nígbà tí èrò bá pọ̀. Nínú èdè tí ohùn ń yí ìtumọ̀ padà bíi tiwa, nǹkan kékeré kọ́ nìyẹn. Kí ó tó ṣiṣẹ́, SIM náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 4G. SIM àtijọ́ tí ẹ ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ lè jẹ́ ti 3G, ó sì di dandan kí ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín pẹ̀lú NIN. Ọ̀fẹ́ ni tàbí owó díẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà yín kò ní yí padà. Lẹ́yìn ìpààrọ̀ SIM, báńkì máa ń dí kóòdù USSD yín (irú *737# tí ẹ fi ń fowó ránṣẹ́ láìlo dátà) fúngbà díẹ̀ nítorí àwọn olè, nítorí náà ẹ má ṣe é ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ san owó ilé.

Tí ẹ bá rí ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì lójú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Lójú ínṣì 1.8, kò sẹ́ni tó máa fi í ṣòfò wákàtí méjì. Kò ní WhatsApp, kò sì sí ọ̀nà tí ẹ fi lè gbé e sí i. Àwọn olùtajà kan máa ń sọ fún oníbàárà pé "ẹ ó kàn dáńlóòdù ẹ̀ ni". Irọ́ ni.

Nokia 3210

HMD tó ń ṣe Nokia gbé èyí jáde ní oṣù karùn-ún 2024, ọdún 25 lẹ́yìn tí 3210 àkọ́kọ́ jáde ní 1999. Ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 2.4, kámẹ́rà rẹ̀ 2 MP, bátìrì 1450 mAh, ibi tí wọ́n ti ń ki ṣájà bọ̀ ọ́ sì jẹ́ Type-C, èyí tó dùn mọ́ni nítorí okùn Type-C ló kún ilé báyìí. Ní Bìrìtìkó, £74.99 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà á.

Wọ́n polówó rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ sinmi lọ́wọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ṣí àwọn áàpù rẹ̀ wò: YouTube Shorts wà níbẹ̀, ó ń gba ojú ohun tí wọ́n pè ní Cloud Apps wọlé. Fídíò kúkúrú tó ń tẹ̀lé ara wọn láìdáwọ́ dúró, ohun tó ń jẹ àkókò èèyàn jù lọ lórí áńdírọ́ìdì, òun ni wọ́n kó sínú fóònù tí wọ́n ní kó gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn Nokia 4G tí wọ́n gbé jáde ní ọdún kan náà, 215, 225 àti 235, ní in pẹ̀lú. Láwọn orílẹ̀-èdè kan, wọ́n ti gbé e sí 110 4G ti 2023 náà. Ẹ wo páálí kí ẹ tó sanwó, bí ọ̀rọ̀ "Cloud" bá wà lára rẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ 3210 lẹ ti rà, ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹ wọ inú ètò fóònù, ẹ pa mobile data rẹ̀, ẹ má sì ra dátà sórí SIM náà. Àwọn áàpù yẹn á kú, nítorí dátà SIM ni wọ́n ń jẹ. Pípa data kì í dí VoLTE lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ rí i dájú pé ẹ pa á, ẹ má kàn fi í sílẹ̀ láìra dátà. Níbi tí kò bá sí dátà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè máa bu kírẹ́díìtì jẹ.

Kí ẹ tó sanwó

Ní Computer Village n'Íkẹjà tàbí Queen Cinema n'Íbàdàn, ayédèrú Nokia pọ̀ lórí àtẹ. Ẹ tẹ *#06#, IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà, máa yọ. Ẹ wo èyí tó wà lára páálí, ẹ yọ bátìrì kí ẹ wo èyí tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu, nọ́ńbà 15. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù tí wọ́n pè ní 105 tó ní ojú SIM mẹ́ta tàbí áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n: Nokia kò ṣe irú rẹ̀ rí.

Bátìrì ni ohun kejì. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e lé orí gíláàsì káńtà, kí ẹ fi ìka ta á kó yí. Bátìrì tó dáa á dúró gbọin nítorí pé ikùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tó bá ń yí bí òòyì ti wú nínú, kódà kí ojú má tíì rí i. Ọ̀rọ̀ bátìrì kì í ṣe ohun àfọwọ́yẹpẹrẹ mú: ní 2007, Nokia fúnra rẹ̀ ní kí àwọn èèyàn wá pààrọ̀ mílíọ̀nù 46 bátìrì BL-5C tí iléeṣẹ́ Matsushita bá a ṣe, nítorí wọ́n lè gbóná kọjá ààlà tí wọ́n bá ń gba iná lórí ṣájà. BL-5C yìí náà ló kún inú àwọn rédíò kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà, ayédèrú rẹ̀ ló sì pọ̀ jù.

Ẹ tún wo ojú SIM. SIM inú áńdírọ́ìdì jẹ́ nano, 12.3 mm sí 8.8. Tí ojú SIM fóònù tuntun bá tóbi, 25 mm sí 15, ẹ máa nílò férémù tí wọ́n ń fi SIM kékeré sí láàárín. Ẹ jẹ́ kí olùtajà fi férémù náà sí i lójú yín, kí ẹ sì má fà á yọ lójijì láé: eyín kékeré tó ń kan SIM máa ń kọ́ sí etí férémù, tó bá ti ká, ojú SIM yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Owó, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú

Fóònù kékeré lè fi owó ránṣẹ́. Kóòdù USSD ló ń lò, kò nílò dátà. GTBank ń lo *737#, First Bank *894#, Zenith *966#, Access *901#, UBA *919#. OPay ní *955#, PalmPay *861#, Moniepoint *5573#. Gbogbo wọn kò ní ṣiṣẹ́ àfi láti orí nọ́ńbà tí báńkì mọ̀ yín mọ́.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún kóòdù náà nígbà tí SIM ṣì wà nínú áńdírọ́ìdì, tí áàpù báńkì ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ọ̀nà kan wà fún yín tí ọ̀kan bá kọ̀. Ẹ yan PIN tí kì í ṣe ti ATM. Ẹ kọ́kọ́ fi ₦100 dánra wò sí àkántì ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé SIM lọ.

Ẹ má máa gba ojú àtẹ kóòdù wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fún First Bank, *894*iye owó*nọ́ńbà àkántì#. Fún Zenith, *966*iye owó*nọ́ńbà àkántì#. GTBank sí báńkì mìíràn, *737*2*iye owó*nọ́ńbà àkántì#. Ìdí rẹ̀ ni pé láti oṣù kẹfà 2025, kírẹ́díìtì yín ni wọ́n ń yọ owó USSD lára, ₦6.98 fún ìṣẹ́jú méjì. Bí ẹ bá ń wá nọ́ńbà àkántì kiri nígbà tí àpótí USSD ti ṣí, àkókò á pé, á já, ẹ ó sì tún san òmíràn. Fóònù yìí kò lè ṣe kọ́pì nọ́ńbà kó lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn. Ẹ kọ nọ́ńbà 10 náà sórí bébà, ẹ kà á lóhùn rara sí ẹni tó ni ín, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Kírẹ́díìtì gbọ́dọ̀ wà lórí fóònù nígbà gbogbo, nítorí láìsí i, owó inú báńkì yín kò ṣeé dé. *310# lẹ ó fi wo iye tó kù, *311*nọ́ńbà káàdì# lẹ ó fi kún un, *303# lẹ ó fi yá tó bá tán. Àwọn kóòdù yìí rí bákan náà lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà.

Òdiwọ̀n wà o. Báńkì Àpapọ̀ fi ₦100,000 lójúmọ́ ṣe ààlà USSD, tó bá sì ti kọjá ₦20,000, báńkì á béèrè ẹ̀rí kejì yàtọ̀ sí PIN. Ẹni tó ń san owó ọjà ńláńlá kò lè fi í ṣòwò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó lo kọ̀ǹpútà pẹ̀lú tókìnnì báńkì.

Tó bá já láàárín, ẹ má tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo iye tó kù nínú àkántì ná. Ọ̀pọ̀ owó tó lọ lẹ́ẹ̀mejì ló jẹ́ pé èyí àkọ́kọ́ ti lọ, alẹ́ẹ̀tì ló pẹ́. Ọ̀rọ̀ alẹ́ẹ̀tì náà rèé: àwọn tó ti ń lo áàpù máa ń ní kí báńkì pa alẹ́ẹ̀tì SMS kí wọ́n má bàa san ₦6 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí wọ́n dá a padà kí ẹ tó yí fóònù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ kò ní mọ̀gbà tí owó wọlé.

Ẹ fi PIN dí SIM fúnra rẹ̀, èyí tí fóònù á máa béèrè nígbàkígbà tí ẹ bá tan án. Fóònù kékeré kì í fi ìka tàbí ojú dá yín mọ̀. Ẹni tó bá jí i lè yọ SIM, kó fi sínú fóònù mìíràn, kó sì gba gbogbo kóòdù tí báńkì bá fi ránṣẹ́. Ẹ wá PUK, kóòdù tó ń ṣí SIM tó bá tì pa, tó wà lára káàdì tí SIM wà lára rẹ̀ nígbà tí ẹ rà á, ẹ fi pa mọ́ sílé. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹ bá ti ṣi PIN tẹ̀, PUK ló máa béèrè. Tí ẹ bá ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, SIM náà kú.

WhatsApp

Ẹ má ta áńdírọ́ìdì. Ẹ yọ SIM rẹ̀, ẹ fi í sílé, ẹ so ó mọ́ Wi-Fi tàbí SIM dátà mìíràn. WhatsApp kò bìkítà bóyá SIM nọ́ńbà náà wà nínú fóònù, lẹ́yìn ìgbà tó bá ti mọ̀ yín. Tó bá tún fẹ́ mọ̀ yín, kóòdù nọ́ńbà mẹ́fà á wọ inú fóònù kékeré bí àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ńlá. Ẹ fi PIN ìgbésẹ̀ méjì (two-step verification) sí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Gbèdéke méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn. Bí ẹ bá ń lo WhatsApp lórí kọ̀ǹpútà, ẹ gbọ́dọ̀ ṣí i lórí áńdírọ́ìdì ní ẹ̀ẹ̀kan ó kéré tán láàárín ọjọ́ 14, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà á yọ yín síta. Bí ẹ kò bá sì lò ó rárá fún 120 ọjọ́, wọ́n á pa àkántì náà rẹ́. Áàpù àwọn báńkì kan náà kì í gbà kí èèyàn wọlé tí SIM kò bá sí nínú fóònù, ìdí mìíràn nìyẹn tí USSD fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ẹ sọ fún ẹbí àti ẹgbẹ́ ṣáájú. Ẹ kọ ọ́ sí ibi tí orúkọ yín wà lórí WhatsApp: "Ẹ pè mí, alẹ́ Sátidé nìkan ni mò ń ka WhatsApp." Ẹni tí kò bá sọ, àwọn àgbà ilé á rò pé ńṣe ló ń dágunlá sí wọn, èyí kì í sì í tán bọ̀rọ̀.

Nọ́ńbà, lẹ́tà àti àtẹ̀jíṣẹ́

SIM kan sábà máa ń gba nǹkan bí orúkọ 250, nọ́ńbà kan ṣoṣo fún orúkọ kan. Lórí ọ̀pọ̀ áńdírọ́ìdì, inú àtòjọ orúkọ lẹ ó ti rí ibi tí wọ́n ti ń kó wọn sórí SIM. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀dà kan pa mọ́ sínú Google. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ àmì ìsàlẹ̀ kúrò lára orúkọ: SIM máa ń fi àyè ìlọ́po méjì pa lẹ́tà bí ẹ, ọ àti ṣ mọ́, nítorí náà "Ìyá Ṣadé Ọjà Ọba" lè di "Ìyá Ṣad", kí ẹ wá ní Ìyá Ṣadé mẹ́ta tí ẹ kò mọ èyí tó jẹ́ aláṣọ. "Sade Aso" ni kí ẹ kọ, ó kúrú, ó sì yéni.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àtẹ̀jíṣẹ́. Ojú ewé kan ń gba lẹ́tà 160, àmọ́ tí lẹ́tà kan ṣoṣo bá jẹ́ ẹ, ọ, ṣ, tàbí tó ní àmì òkè bí á, í, ó, ú, gbogbo ojú ewé náà á di 70. À, è, ì, ò, ù àti é wà nínú àwọn lẹ́tà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fi ránṣẹ́ láìfi kún un. Ẹni tó bá ń fi áńdírọ́ìdì kọ Yorùbá tó dára ránṣẹ́ sí yín ń san owó ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta, fóònù kékeré sì lè fi àpótí òfìfo hàn níbi tí àmì wà.

Títẹ Yorùbá ní wàhálà tirẹ̀. M, n àti o wà lórí bọ́tìnì kan ṣoṣo, 6. Kí ẹ tó kọ "omo", ẹ ó tẹ 6 lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ó dúró kí àmì ìkọ̀wé sún síwájú, ẹ ó tẹ 6 lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó tún dúró, kí ẹ tún tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Tí ẹ kò bá dúró, lẹ́tà mìíràn ni ẹ ó rí. Tí fóònù bá ń dábàá ọ̀rọ̀ fún yín, ẹ pa á, Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀. Tí ẹ bá ń pe òkè òkun, ẹ tẹ * lẹ́ẹ̀mejì kíákíá kí + yọ.

Àyè àtẹ̀jíṣẹ́ inú fóònù yìí kò pọ̀. Tó bá kún, tuntun kò ní wọlé, kóòdù báńkì náà ò sì ní wọlé, ẹ ó rò pé báńkì ló kọ̀. Ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 kí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó dín kù, kí ẹ sì máa pa àwọn tó ti gbó rẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ta ni kò yẹ kó rà á

Awakọ̀ Bolt àti Uber kò lè ṣe é. Ẹni tó ń tajà lórí Instagram kò lè ṣe é ní ojú mọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe JAMB lè ṣe é, àtẹ̀jíṣẹ́ NIN sí 55019 tàbí 66019 ń lọ láti orí 105 láìsí wàhálà.

Fún àwọn tí iṣẹ́ so mọ́ áńdírọ́ìdì, ẹ fi fóònù ńlá sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, kí ẹ mú kékeré tó ní SIM tirẹ̀ lọ sílé. Láti orí ńlá, ẹ tẹ **21*nọ́ńbà kékeré# kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, gbogbo ìpè á máa tẹ̀lé yín lọ. Lówùúrọ̀, ẹ tẹ ##21# kó dáwọ́ dúró. Àtẹ̀jíṣẹ́ kò ní tẹ̀lé e, alẹ́ẹ̀tì á dúró ní ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Owó ìpè láti ńlá dé kékeré, lára kírẹ́díìtì ńlá ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kì í ṣe lára ẹni tó pe yín, nítorí náà ẹ fi kírẹ́díìtì díẹ̀ sórí rẹ̀ kí ẹ tó lọ.